Ebi Tí Kò Pa Wá

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa ayé ara mi, ìṣòro kan ṣoṣo ni mo ní: ayé náà kò burú tó. Bàbá mi jẹ́ télọ̀. Kò mutí, kò lu ẹnikẹ́ni, kò sí ohun tó fẹ́ràn ju kó máa bá rédíò jiyàn lọ. Ìyá mi ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìpàtà. Agboolé wa ní Gàmbàrí kún tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò fi lè ráyè dá banújẹ́. Bí o bá jókòó sí kọ̀rọ̀ kan láti ronú, ẹnìkan á rán ọ níṣẹ́. Irú ìgbà èwe wo nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ di òǹkọ̀wé?

Mo ti gboyè ní yunifásítì, mo sì ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan níbi tí gbogbo wa ti so káàdì mọ́rùn bí ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò sọnù. Olùkọ́ wa ní kí oníkálùkù lọ wá ọgbẹ́ inú rẹ̀ jáde, pé ibẹ̀ ni ìwé wà. Bàbá ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi ti sá nílé láti kékeré rẹ̀. Ẹni tó wà lápá òsì ti dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún méjì. Èmi yẹ ara mi wò títí, àpá kan ṣoṣo tí mo rí ni ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń jowú àwọn ọlọ́gbẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọjọ́ kan tí mo sùn láìjẹun. Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Òótọ́ ni pé mo sùn láìjẹun, òótọ́ sì ni pé inú mi ń kùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í pẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Mo” di “a”. Ọjọ́ kan di “lọ́pọ̀ ìgbà”. Mo fi òjò sí i, nítorí ebi tí kò sí òjò nínú rẹ̀ kò dùn ún kà. Mo fi àtùpà kan sí i tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Mo wá jẹ́ kí ìyá mi jókòó ti iná, kó máa ro omi lásán nínú ìkòkò, kí àwa ọmọ lè rò pé oúnjẹ ń bọ̀, kí oorun sì gbé wa lọ. Nígbà tí mo kọ gbólóhùn yẹn tán, omi bọ́ lójú mi. N kò bi ara mi léèrè ibi tí mo ti rí i.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, torí mo gbà nígbà náà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìyà máa ń bá mu jù. Ìwé àtìgbàdégbà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbé e jáde. Àwọn ènìyàn sunkún. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi láti òkè òkun pé òun kò lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ òun tán. Wọ́n pè mí kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́ nínú ìwé kíkọ. Mo lọ. Mo wọ dàńṣíkí kan tó ti ṣá díẹ̀, kí n lè jọ ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo. Olóòtú ìwé náà ní àwọn fẹ́ tẹ àkójọpọ̀ kan, àti pé ti èmi ni yóò ṣíwájú gbogbo wọn.

Ìyàwó mi, tó mọ ìyá mi, tó sì mọ bí ìyá mi ṣe ń bu oúnjẹ fún àlejò, kà á tán, ó gbójú sókè.

“Ìyá wo nìyí?” ó ní. “Ṣé ẹ ní òmíràn ni?”

Mo sọ fún un pé kò mọ iṣẹ́ ọnà.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà ní òkè òkun náà ló wà ní Gàmbàrí. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí òun àti ìyá mi jọ ń gbé inú agboolé, rí i lórí fóònù ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi í sórí Wásáàpù ẹbí. Láti orí Wásáàpù ẹbí, ó bọ́ sórí ti mọ́sáláṣí. Obìnrin náà kò ní ibi kankan lọ́kàn o. Ó ní òun fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọmọ àwọn ti di ẹni ńlá.

Ààwẹ̀ ti ń wọlé bọ̀ nígbà náà. Mọ́sáláṣí tó wà nítòsí ilé wa máa ń pín oúnjẹ fún àwọn aláìní ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ààwẹ̀. Ẹni tó bá ní ìrẹsì á mú ìrẹsì wá, ẹni tó bá ní òróró á mú òróró wá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ẹ̀wà tó ń wọ inú àpò wọ̀nyẹn ti ń wá. Kì í ní kí wọ́n kéde rẹ̀. Á ṣa odidi àpò ẹ̀wà olóyin kan fúnra rẹ̀, kò ní kù sí òkúta kan níbẹ̀, á sì fi í ránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun làásárì, mo gbé ìbẹ́pẹ àti ọsàn láti Ṣàngó, níbi tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé, mo lọ bá ìyá mi ṣínu. Mo bá Lèmọ́mù mọ́sáláṣí náà lójúde wa, òun àti ọkùnrin méjì tí wọ́n gbé àpò kan dání.

“Ìyá, ẹ ṣe àforíjì,” ni Lèmọ́mù ń wí. “Àwa la jẹ̀bi. Gbogbo ọdún tí a ti jọ wà ládùúgbò yìí, a ò mọ̀.”

“Kí lẹ ò mọ̀, Àáfà?”

“Ohun tí ojú yín rí lórí àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù, mo sunkún. Wáláhì, mo sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe oore tiwa.”

Ìyá mi wo àpò náà, ó wo mí, ó tún wo àpò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú u. Ìrẹsì wà níbẹ̀, àti ṣúgà, àti ìgò òróró kan, àti ọ̀rá ẹ̀wà kan. Ó bu ẹ̀wà náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò yí i síwá sẹ́yìn. Ẹni tó ti ń ta ẹ̀wà láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó titun kò lè ṣi ẹ̀wà tirẹ̀ mọ̀. Tirẹ̀ ni. Ó ti ṣà á, ó ti gbé e fún mọ́sáláṣí ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n ti wá gbé e padà wá bá a gẹ́gẹ́ bí aláìní.

Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Lèmọ́mù, ó ṣe àmín sí gbogbo àdúrà, kò fo ẹyọ kan, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà, ó dúró níwájú mi.

“Òǹkọ̀wé,” ó ní, “gbé e wọlé. Rọra o, kí ebi má gbé ẹ ṣubú.”

Nígbà tí a ṣínu tán, mo gbìyànjú láti sọ̀rọ̀.

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀?”

“Kí n wá ní kí ni? Kí n sọ fún Lèmọ́mù, nínú ààwẹ̀, pé òpùrọ́ ni mo bí?”

“Kì í ṣe irọ́, Ìyá. Iṣẹ́ ọnà ni.”

“Bí wọ́n ṣe ń pè é ní yunifásítì nìyẹn?”

“Ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà là ń wò, kì í ṣe pé…”

“Obìnrin tó ń tan àwọn ọmọ ẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí iná, inú wáàsí lo ti gbé e. Ọdọọdún ni Lèmọ́mù ń sọ ọ́. Òkúta lobìnrin yẹn tiẹ̀ ń sè, o yọ òkúta kúrò.” Ó mí kanlẹ̀. “Òun ló ń sọ ọ́, òun náà ló tún wá ń sunkún sí i. Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí ti kó bá gbogbo wa.”

Ojú mi là. Lóòótọ́ ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ wáàsí náà lórí ẹní mọ́sáláṣí, pẹ̀lú oorun lójú. Gbólóhùn tó dùn jù nínú gbogbo ìwé náà, tó pa èmi fúnra mi lẹ́kún, kì í ṣe tèmi.

Ìpàtà burú ju ilé lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí àwọn àti ìyá mi jọ ń tajà. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, “Ìyá ẹlẹ́wà, ẹ̀wà ayé àtijọ́ yẹn, ta lẹ ń tà á fún tí ò ṣẹ́kù fọ́mọ?” Oníbàárà kan tí wọ́n ti jọ ń bọ̀ ọjọ́ pípẹ́ mú ẹ̀wà lọ́wọ́, ó ní, “Àbí ẹ̀wà yín kì í jinná ni?” Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ẹlẹ́wà ti ń mọ ìrora, sọ pé ẹ̀wà rẹ̀ kì í jinná.

Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti gbẹ́nu dákẹ́ fún mi. Kì í ṣe pé ó bá mi jà. Bí mo bá kí i, á dáhùn. Bí mo bá dé, á gbé oúnjẹ fún mi, á tiẹ̀ bu ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á ní kí n jẹ ẹ́ tán kí n má lọ bá wọn sọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tán. Obìnrin yìí, tó lè fi odidi wákàtí kan sọ bí ẹnìkan ṣe wá ra kóńgò ẹ̀wà kan, bó ṣe wọlé, ohun tó wọ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe fún wọn lọ́jọ́ kan, ó wá di “A dúpẹ́.” Ó di “Ara le.” Bí mo bá wọlé bá òun àti ìyàwó àbúrò bàbá mi lẹ́nu ẹ̀rín, ìyá mi á gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ dákẹ́, ó ti dé,” á ní. “Kí wọ́n má lọ gbé aṣọ wá fún wa báyìí.”

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí, kí n má purọ́, ni ìwé tí mo ti ń gbèrò láti kọ nípa bàbá mi. Bàbá mi ti kú, ìyá mi nìkan ló kù tó mọ ìtàn rẹ̀. Bí kò bá sọ̀rọ̀, kò sí ìwé. Mo ń káàánú ara mi kiri báyìí, bí olówó tí ìṣúra rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yé mi pé bí n kò bá tilẹ̀ ní kọ ìwé kankan mọ́ láyé, mo ṣì fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹni tó ra kóńgò ẹ̀wà kan wọ̀.

Lẹ́yìn ọdún Ìtùnú Ààwẹ̀, mo jókòó, mo tún ìwé náà kọ, lédè Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí. Mo mú un lọ bá a ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àtẹ lórí ẹsẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Mo fẹ́ ka nǹkan kan fún yín.”

“Ṣé ebi wà níbẹ̀?”

“Díẹ̀.”

“Kà á.”

Ọmọ àáfà ni ìyá mi. Bàbá rẹ̀ ní ilé kéwú nígbà ayé rẹ̀, mo sì gbọ́ pé kì í sọ fún ọmọ ibi tó ti ṣì kéwú kà. Á kàn wúkọ́. Ọmọ á padà sẹ́yìn, á tún un kà, á tún un wò, títí ikọ́ náà á fi dákẹ́. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé ìyá mi jogún ikọ́.

“Òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà,” ni mo kà.

Ó wúkọ́.

“Ṣé òjò ò rọ̀ ni?”

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mo ronú sẹ́yìn. Ètè mi ti bó lọ́jọ́ náà, mo rántí pé ó ń ta mí. Ọyẹ́ ni. Mo fa ìlà sórí òjò.

“Bàbá mi jókòó, ojú rẹ̀ fà ro, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.”

Ikọ́. Òótọ́ ni: ó ń bá rédíò jà lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mo fa ìlà sórí ojú tó fà ro.

“Iná kò sí.”

Mo dúró. Ikọ́ kò dún. “Èyí dájú,” ó ní. “Iná ò sí.”

“Epo àtùpà ti ń tán lọ…”

“Epo wo? Mo ra epo lọ́jọ́ yẹn!”

Báyìí la ṣe ń lọ. Ojú ìwé mẹ́ta di ìdajì ojú ìwé kan. Ìyá mi ń ṣa òkúta jù síta lápá ibí, èmi ń fa ìlà lápá ọ̀hún, n kò sì ní sọ ohun tí ìyẹn jọ, nítorí olùkọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ì bá fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ìpínrọ̀ kan kù. Mo ti kọ ọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti tún un kọ. Mo rò ó pé kí n fò ó. Mo kà á.

Mo kà pé oúnjẹ wà nílé lọ́jọ́ náà, èmi ni mo kọ̀ ọ́. Mo kà pé ẹ̀wà ni, àti pé ní ilé ìwé wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ ẹlẹ́wà. Bí mo bá jókòó ti ẹnikẹ́ni, á fi ọwọ́ dí imú, gbogbo kíláàsì á sì rẹ́rìn-ín. Mo kà pé ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nígbà tí a jáde síta fún eré, ìyá mi ń kọjá lọ sí Ìpàtà, ó ru ẹ̀wà, ó rí mi, ó pè mí pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo kẹ̀yìn sí i. Ẹnìkan bi mí pé, “Ìyá ẹ ṣáà nìyẹn?” Mo ní, “Rárá, n ò mọ̀ ọ́n.”

Mo dúró de ikọ́. Kò dé. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí àtẹ.

“Mo gbọ́ ọ,” ó ní.

“Ẹ gbọ́ kí ni?”

“Ohun tó o sọ lọ́jọ́ yẹn. Etí mi ò dí nígbà náà. Ìdí tí mo fi ń gba ẹ̀yìn ọ̀hún lọ sí Ìpàtà nìyẹn.” Ó ṣa òkúta kan jù síta. “Ọ̀nà yẹn jìn o.”

Mo wá rántí pé lóòótọ́, n kò tún rí i kó kọjá níwájú ilé ìwé wa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í wádìí ohun tó mú ìtìjú rẹ̀ kúrò. Èmi rò pé Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà mi.

“Ìyá, ẹ dárí jì mí.”

“Nítorí ìyẹn? Ọmọdé ni ẹ́ nígbà yẹn. Àgbà onírùngbọ̀n tó ní mò ń se omi lásán ni mo bá bínú.”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà.

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹran wà nínú oúnjẹ tó o kọ̀ yẹn.”

“Ẹran wà níbẹ̀?”

“Ẹran ńlá. Tó bá sì di ọjọ́ Jímọ̀, adìẹ là ń jẹ nílé yìí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.”

Mo wúkọ́.

Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá mú nínú ọgbà olóko. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí gèlè fi ṣípò lórí rẹ̀, tí ìyàwó àbúrò bàbá mi fi sáré jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Ó dáa, ẹja ni,” ó ní, ó ń nu ojú. “Má wulẹ̀ kọ bó ṣe tóbi tó.”

Èmi fúnra mi ni mo fi ohùn mi ka ìwé titun náà sórí Wásáàpù mọ́sáláṣí. Lèmọ́mù fèsì kí ó tó di ìrọ̀lẹ́: “Àlùbáríkà. Ṣùgbọ́n ẹkún tí mo sun ńkọ́?” Ìyá mi ní kí n sọ fún un pé kó fi í pamọ́ de wáàsí ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bí mo ṣe dàgbà nínú iṣẹ́ yìí. Ó wù mí kí n dáhùn lọ́nà tó wuyì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo dín òjò kù. Mo ń kọ “mo” níbi tó bá jẹ́ èmi nìkan ló ṣe é. Bí gbólóhùn kan bá sì pa mí lẹ́kún, mo máa ń kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ ta ni mo ti gbọ́ ọ. Ìwé mi ti wá kúrú gan-an, èyí sì tẹ́ àwọn kan lọ́rùn.

Mo kọ̀wé sí olóòtú pé kó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú àkójọpọ̀ náà, mo sì fi titun ránṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní èyí náà kò burú, ṣùgbọ́n kò ní lè ṣíwájú ìwé, bóyá kò tilẹ̀ ní lè wọ inú rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi nígbà tí mo lọ kí i.

“Kí ló ní kò sí níbẹ̀?”

“Ó ní ebi inú ẹ̀ ò tó.”

“Ebi ń pa á ni? Ibo ló ń gbé?”

“Òkè òkun.”

“Kó máa bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹ̀wà titun dé.” Ó ti àga sọ́dọ̀ mi. “Jókòó, jẹ́ kí n sọ ohun tí obìnrin kan fojú mi rí ní Ìpàtà lánàá. Kóńgò kan péré ló wá rà o. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀…”

Mo jókòó.